Bí Mo Ṣe Gba Kúkọ̀yí Lọ́wọ́ Òkè Òjòwú

Òjò tí ó kó gbogbo yín wá sábẹ́ òrùlé mi ní ọ̀sán yìí ṣe mí lóore, nítorí àgbà tí ìtàn wà nínú rẹ̀ tí kò rí ẹni sọ ọ́ fún dà bí aboyún tí oṣù rẹ̀ pé tí kò rí agbẹ̀bí. Ẹ fún ara yín láyè. Ẹni tí ó bá ń mu gààrí kí ó máa mu ún, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ kí ṣíbí rẹ̀ máa kan abọ́, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí à ń fi etí kan gbọ́. Èmi Ọdẹ́gbàmí ọmọ Ọdẹ́yalé, ọdẹ Ìpolé-Àpáta, bí mo bá ń fọ́nnu, ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu, ẹnu mi ni. Èmi ni mo bá ẹfọ̀n jà títí òun fúnra rẹ̀ fi gbàgbé ẹni tí ń lé ẹni. Èmi ni ẹkùn rí lójú ọ̀nà tí ó ní òun kò wá ẹran, òun kàn ń gba atẹ́gùn ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ó ti fẹ́ pa mí nínú igbó, kò sí èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí mi mú bí òdòdó. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òdòdó ni mo wí, èyí tí ọmọdé ń já fi sétí.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ewú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú ní ẹ̀bá etí mi. Ọdẹ kan wà ní ìlú wa tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kúkọ̀yí. Ó kéré sí mi gan-an. Nígbà tí èmi ti ń pa ẹfọ̀n, ọ̀pọ̀lọ́ ni òun ń sọ lókò. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá kò fi ẹwà dù ú. Eyín rẹ̀ funfun bí àgbàdo tuntun, ọrùn rẹ̀ gùn, bí ó bá sì ń sun ìjálá, ewúrẹ́ pàápàá a dáwọ́ àpọ̀jẹ dúró. Bí a bá jọ ti oko ọdẹ dé, tí mo gbé ìgalà, tí òun gbé òyà, òyà rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ kí káàbọ̀. Èmi náà a sì rẹ́rìn-ín, eyín nìkan ni ó sì ń rẹ́rìn-ín náà. Wọ́n ní obìnrin ni í jowú. Irọ́ ni wọ́n pa. Ọkùnrin ń jowú, ó kàn máa ń pè é ní ẹ̀fọ́rí ni.

Ẹ̀yin náà mọ Òkè Òjòwú tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àpáta lásán ni, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ ju aláǹgbá lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, tí iṣu tuntun ń mú ara rẹ̀ bọ̀, òdòdó a bo òkè náà láti ọrùn dé orí: pupa, funfun, aláwọ̀ aró, èyí tí ó pọ́n bí pupa inú ẹyin, gbogbo rẹ̀ a tẹ́ sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Láti ìlú ni a ti ń wò ó. Kò sí ẹni tí ń lọ síbẹ̀. Àwọn àgbà ní òkè náà ní obìnrin kan tí ó ni í, obìnrin náà sì ń jowú ju ìyálé lọ; ẹni tí ó bá mú nǹkan rẹ̀, òun náà yóò mú onítọ̀hún.

Kúkọ̀yí lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní ọjọ́ ọjà, nígbà tí ojú gbogbo ènìyàn wà ní ìta, òdòdó kan ṣoṣo sì wà lára fìlà rẹ̀. Òdòdó náà funfun báláú, àárín rẹ̀ pupa bí epo, òórùn rẹ̀ sì ń ṣáájú ẹni tí ó dé e bí ìgbà tí ẹ̀mẹsẹ̀ bá ń ṣáájú ọba. Ọjà dàrú. Gbogbo obìnrin ń na imú síbi fìlà rẹ̀, Kúkọ̀yí náà sì ń tẹ orí ba fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi eyín àgbàdo rẹ̀ hàn. Ìyàwó mi, Ìbíyẹmí, náà gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tí ó délé, ó jókòó ti ààrò. Lẹ́yìn náà ó ní, “Bàbá Dúró, òdòdó yẹn dára o. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé yín, ẹ kò tíì gbé ohun kan wọlé rí tí kò sí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀.”

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ wà níbí, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Obìnrin tí mo fi ẹran bọ́ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi ń dán!  Mo kàn ní orí ń fọ́ mi, mo lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a gbọ́ ariwo ìyá Kúkọ̀yí: ọmọ òun kò sí lórí ẹní, fìlà rẹ̀ wà nílẹ̀, òdòdó ti kúrò lára rẹ̀, ipasẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ sì forí lé ìhà òkè. Àwọn tó kù ń sọ pé ohun búburú ti ṣẹlẹ̀. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọkàn mi sọ fún mi ni pé, “Ọkùnrin yìí tún ti lọ kó òmíràn wá! Ó fẹ́ di olódòdó ìlú!” Mo kó àpò ọdẹ mi kọ́rùn, mo gbé ìbọn, ó di ọ̀nà.

Ìbíyẹmí bá mi ní ẹnu ọ̀nà. “Bàbá Dúró, níbo lẹ ń lọ nínú òjò yìí?”

“Mò ń lọ já òdòdó.”

“Ẹ̀yin? Òdòdó?” Ó kó ẹ̀rín sílẹ̀, ó rín in títí ó fi di òpó mú. Ẹ̀rín yẹn ni mo wọ̀ bí bàtà lọ sí Òkè Òjòwú. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ní ìsàlẹ̀ òkè ni mo ti pàdé ẹni àkọ́kọ́. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, ó jókòó lójú ọ̀nà gan-an, ó kẹ́yìn sí mi. Mo rò pé n óò yọ́ kọjá lára rẹ̀, àfi bí ojú kan ṣe là lójijì ní ẹ̀yìn orí rẹ̀, tí ó tẹjú mọ́ mi. Ojú kan ṣoṣo yẹn náà ni ó ní. Iwájú orí rẹ̀ ń dán ni bí igbá. Ó ní òun ni Ojúlẹ́yìn, òun ni ó ń ṣọ́ ọ̀nà, nítorí ní ayé òun, gbogbo ẹni tí òun bá rìn ni ó ń kọjá lára òun, ìdí nìyí tí òun fi kúkú gbé ojú òun sẹ́yìn kí òun lè máa rí wọn nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀. Ó ní, “Ọdẹ, dá mi lóhùn kí o tó kọjá. Kí ni ènìyàn ń jẹ tí kò yó, tí kò sì lè pọ̀ ọ́, tí ó jẹ́ pé oúnjẹ náà ni ó ń jẹ ẹni tí ó jẹ ẹ́?”

Mo ní, “Ìwọ náà! Ohun tí mo jẹ sùn lánàá tí mo tún jẹ jí lónìí ni o ń bi mí? Owú ni.”

Ojú ẹ̀yìn orí rẹ̀ ṣẹ́ pẹ́. Ó ní, “O ti jẹun kánú. Ṣùgbọ́n fi ìbọn sílẹ̀. Àwọn tó wà lókè kì í fẹ́ òórùn ẹ̀tù.”

“Ta ni yóò bá mi tọ́jú rẹ̀?”

“Èmi ni. Ó ti ń wù mí láti ìgbà tí mo ti rí i ní èjìká rẹ. Ẹni tí nǹkan oníǹkan bá wù, ṣé kò ní lè tọ́jú rẹ̀?”

Mo wo ìbọn mi, mo wo òkè. Kúkọ̀yí wà lókè. Mo gbé ìbọn lé e lọ́wọ́, ó gbá a mọ́ àyà bí ìyá ọmọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.

Háà, ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí ojú mi rí! Nínú gbogbo kòtò àpáta tí omi òjò dúró sí, òdòdó wẹ́wẹ́ aláwọ̀ aró ti hù, wọ́n kún un bí ọmọ adìẹ nínú agbọ̀n. Àwọn pupa kan lọ́ mọ́ igi, etí wọn ká sókè bí ahọ́n iná. Àwọn funfun kan na ìka gígùn jáde láti inú koríko, omi ń kán ní orí ìka kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mo ti ń wo òkè yìí láti kékeré, mo rí i pé n kò tíì rí i rí. Ibi tí mo tẹjú mọ́ èyí pupa ni mo ti gbọ́ ohùn tínńrín kan: “Èmi ni kí o wò.” Mo yíjú. Aláwọ̀ aró ni: “Kí ló wà lára èyí yẹn tí kò sí lára mi?” Funfun ní: “Àbúrò mi ni o kọ́kọ́ wò, ìwọ náà rí i!” Èyí pupa bínú pé mo gbójú kúrò lára òun, ó na okùn rẹ̀, ó fi so kókósẹ̀ mi. Mo wò ó padà kí ó lè tú mi sílẹ̀, ni funfun bá tún so ẹsẹ̀ kejì. Bí mo bá wo ọ̀kan, ọ̀kan a bínú. Bí mo bá wo méjì, gbogbo wọn a sunkún. Ẹni tí ó bá ti fẹ́ ìyàwó púpọ̀ nínú yín yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ọgbọ́n ọdẹ ni mo fi yọ: mo fa fìlà mi bo ojú méjèèjì, mo ké sókè pé, “N kò wo ẹnikẹ́ni!” Nígbà tí wọ́n rí i pé gbogbo wọn ni mo fi ojú mi dù, ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n tú mi sílẹ̀. Mo wá ń fọwọ́ tálẹ̀ gòkè bí afọ́jú.

Ibi tí mo ti ń táràrà lọ ni mo ti gbọ́ ohùn kan nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ mí.”

Mo ṣí fìlà. Kúkọ̀yí ni! Ó wà nínú ẹsẹ̀ àpáta kan tó là, ilẹ̀ ti gbé e dé ìbàdí, ó dúró ṣánṣán bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gbìn. Ewé ti yọ ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ìka ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń rú èso òdòdó tí kò tíì là. Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn náà ni ó dé ibẹ̀ o!

Mo ní, “Kúkọ̀yí, kí ló dé?”

Ó ní, “Obìnrin tó ni òkè yìí ló fún mi ní òdòdó náà, ó ní kí n má jẹ́ kí imú obìnrin mìíràn kàn án. Mo ní mo gbọ́. Nígbà tí mo dé ọjà, ẹ̀yin náà rí bí wọ́n ṣe ń yìn mí. Ní ìdájí, òdòdó náà pè mí ní orúkọ, ẹsẹ̀ mi sì ń lọ.” Ó tẹ orí ba. “Ìyàwó yín gan-an ni ó gbóòórùn rẹ̀ kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n. Ó ní bóyá òun lè rí irú rẹ̀.”

Ẹ wo ọkùnrin yìí! Nínú ibojì pàápàá, ó ṣì ń fi ìyàwó mi gún mi! Síbẹ̀ mo rántí ariwo ìyá rẹ̀. Mo ki ọwọ́ sí abẹ́ apá rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ó ké bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀ yọ.

“Ta ni ń fọwọ́ kan ọkọ mi?”

Òkè mì. Obìnrin kan yọ láti ẹ̀yìn àpáta, ó ga tó igi ọ̀pẹ. Ìdajì ara rẹ̀ jẹ́ obìnrin, ó ń dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdí para. Ìdajì kejì jẹ́ òkúta, ewédò àpáta ti hù bò ó. Dípò irun, gbogbo irú òdòdó òkè náà ni ó hù lórí rẹ̀, oyin sì ń yí orí náà ká bí ìránṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni Wòmínìkan.

Mo ní, “Èmi Ọdẹ́gbàmí ni.”

“Ọ̀rẹ́ rẹ ni?”

“Rárá o.”

“Àbúrò rẹ ni?”

“Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.”

“Kí ni o wá ń fà á sí?”

“Mo kórìíra rẹ̀ ni.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, òdòdó já bọ́ lára rẹ̀. “Mo ti mọ̀ ọ́. Ìwọ ni o ń wò mí láti ìsàlẹ̀ láti ọdúnmọ́dún wá, tí o kò gòkè rí. Ó dára. Mú èyí tí ó bá wù ọ́ jù lórí mi. Kò ní rọ, kò ní kú, n kò sì ní dá ọ lẹ́kun pé kí ìyàwó rẹ má gbóòórùn rẹ̀. Fi ọkùnrin yìí sílẹ̀ fún mi, kí o máa lọ. Ta ni yóò tún bá ọ du ojú obìnrin ní Ìpolé-Àpáta?”

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín níbí. Ọwọ́ mi ti nà. Ọ̀kan wà ní ẹ̀bá etí rẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ojú ọ̀run nígbà tí oòrùn ń wọ̀, mo sì ti ń fi ojú inú rí i lọ́wọ́ Ìbíyẹmí. Kúkọ̀yí kò bẹ̀ mí. Ó kàn ń wò mí. Níbẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó wò: bí mo bá fi í sílẹ̀ síhìn-ín, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Àwọn obìnrin yóò sunkún rẹ̀. Wọn yóò fi orúkọ rẹ̀ kọrin. Èmi yóò máa darúgbó, eyín mi yóò máa ká, ẹ̀yìn mi yóò máa tẹ̀, Kúkọ̀yí yóò sì wà lẹ́nu wọn ní ọ̀dọ́, pẹ̀lú gbogbo eyín rẹ̀! Òkú kì í hu ewú! Ta ni í bá òkú ẹfọ̀n jà tí í borí rẹ̀? Mo fa ọwọ́ mi padà. Mo ní, “Ìyá, n kò gbà. Mo fẹ́ kí ó bá mi délé, kí òun náà pá lórí, kí ìyàwó rẹ̀ máa bú u.”

Wòmínìkan ní, “Ìdí tí mo fi ń gbìn wọ́n nìyẹn, kí wọ́n má baà pá.” Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ òkúta rẹ̀ sókè láti tẹ̀ mí.

Nígbà yẹn ni èso òdòdó ìka Kúkọ̀yí là, pẹ́ẹ́! Gbogbo rẹ̀ là lẹ́ẹ̀kan náà, òórùn rẹ̀ sì lu òkè pa. Mo rí i tí oyin kan kúrò lórí obìnrin náà, tí ó lọ bà lé ọwọ́ Kúkọ̀yí. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ọdẹ tí kò bá mọ ibi tí ẹran ń wò kì í ṣe ọdẹ. Mo kígbe pé, “Ìyá, kí ẹ tó tẹ̀ mí, ẹ fọwọ́ kan orí yín ná. Níbo ni àwọn oyin yín wà?”

Ó fọwọ́ kan orí.  Gbogbo oyin òkè náà ti wà lára Kúkọ̀yí, wọ́n ń kùn bí ẹni ń kí ìyàwó tuntun.

Mo ní, “Mo gbójú mi pa mọ́ nígbà tí mò ń gòkè, ṣùgbọ́n n kò di etí. Àwọn pupa ìsàlẹ̀ yẹn ń sọ pé ẹwà ti dé sí òkè lónìí. Mo rò pé ẹ̀yin ni wọ́n ń bá wí.”

Ẹ gbọ́, n kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn o! Ṣùgbọ́n òjòwú kì í béèrè ẹlẹ́rìí. Ó pariwo, àpáta sán. Ó fi ọwọ́ kan mú Kúkọ̀yí ní ọrùn, ó fà á tu bí ẹni fa ẹ̀gẹ́, ó sì sọ ọ́ lù mí láyà. “Gbé e kúrò! Gbé nǹkan burúkú yìí kúrò níwájú mi!” Mo dá a kọ́ ẹ̀yìn, mo ta gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó di ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè tẹ ilẹ̀. Gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ ń mì dirodiro ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bí irùngbọ̀n ẹja àrọ̀.

A kò tíì jìnnà nígbà tí òdòdó ọwọ́ rẹ̀ rẹ̀ dànù, tí oyin padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni wọ́n. Wòmínìkan wò wá láti òkè, ó rí ọmọkùnrin arẹwà kan ní ẹ̀yìn àgbàlagbà, àwọn oyin sì ti padà sórí òun. Ojú rẹ̀ là. “Ọkọ mi! Olè! Ẹ gbà á lọ́wọ́ olè!” Gbogbo òdòdó òkè na okùn wọn. Oyin dà lé wa bí kùrukùru. Àpáta ti yọ̀ nítorí òjò, ẹsẹ̀ mi yẹ̀, a jọ fi ìdí yọ̀ bọ́ láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀, Kúkọ̀yí ń ké, “Ẹ̀gbọ́n, mo kú!” èmi náà ń dáhùn pé, “O kò gbọdọ̀ kú ṣáájú mi!” Ibi tí a bọ́ sí ni ẹ̀yìn Ojúlẹ́yìn, tí ó ti yí ẹ̀yìn sí òkè báyìí. Ó rí wa bí a ti ń bọ̀, ó rí oyin lẹ́yìn wa, ẹ̀rù bà á, ó fa ìbọn yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú wà lẹ́yìn, tí ọwọ́ wà níwájú, inú igbó ni ọta lọ. Èéfín ẹ̀tù bo ojú ọ̀nà, oyin kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Mo ní kí ó dá ìbọn mi padà. Ó ní òun ti fi yìnbọn lẹ́ẹ̀kan, òun kò lè fi sílẹ̀ mọ́. N kò dúró bá a jà.

Báyìí ni mo ṣe wọ Ìpolé-Àpáta láìsí ìbọn, láìsí òdòdó, pẹ̀lú ọkùnrin tí n kò fẹ́ràn ní ẹ̀yìn mi. Ìyá Kúkọ̀yí dì mọ́ mi ní ẹsẹ̀. Ìbíyẹmí kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé omi gbígbóná lọ sí ilé Kúkọ̀yí, ó ń fi abẹ gé gbòǹgbò kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, orí ń fọ́ mi. Ó ní, “Bàbá Dúró, kí lẹ ń wò? Ẹ wá bá mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.” Mo lọ dì í mú.

Ọdún yí po, òjò dé, òdòdó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bo òkè. Ní òwúrọ̀ kan, Kúkọ̀yí wá bá mi nílé, ó dọ̀bálẹ̀, òógùn bo ojú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ mi ti ń yún mi. Ó ń pè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ so mí mọ́lẹ̀.” Mo ní, “Kí ló dé tí o kò bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ?” Ó ní, “Wọ́n fẹ́ràn mi. Bí mo bá sunkún, wọn yóò tú mi.”

Mo so ó mọ́ òpó pálọ̀ mi pẹ̀lú okùn tí mo fi ń de ẹfọ̀n. Ó sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, ó sun ìjálá tí ó dùn jù lọ tí mo gbọ́ rí, kí n lè ṣàánú rẹ̀. Ìbíyẹmí jókòó tì í, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ ní ẹ̀kọ, ó ń nu ẹnu rẹ̀, ó ń pè é ní Àlàbí, orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń kì í. Owú jẹ mí dé eegun. Mo jókòó sí ojú kan náà títí òdòdó fi rẹ̀ tán lórí òkè, mo di etí okùn náà mú, n kò sì tú u.